Yìgì, ìdána, ṣọ́ọ̀ṣì, réjísìrì: ìwé wo gan-an ni òfin mọ̀?

Àbẹ̀kẹ́_Bódìjà:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ọkàn mi ò balẹ̀.

Èmi àti àfẹ́sọ́nà mi fẹ́ ṣe ìgbéyàwó lóṣù Kejìlá ọdún yìí. Ìbàdàn ni mo ń gbé, òun wà ní Manchester. Ilé mùsùlùmí ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ sì ti ní àfi kí wọ́n so yìgì. Ní tiwa, ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo ilé ń lọ, màmá mi ò sì ní gbà kí n wọ ilé ọkọ láìjẹ́ pé pásítọ̀ gbàdúrà lé wa lórí. Ìdána tún wà níbẹ̀, ìyẹn ò ṣeé fò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ibi iṣẹ́ rẹ̀ fún un láti wá sílé.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló dà mí rú. Pásítọ̀ wa ní ìwé ẹ̀rí tí ṣọ́ọ̀ṣì máa fún wa ti tó, pé kí la fẹ́ lọ ṣe ní réjísìrì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní tí a bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fúnni ní físà, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ò ní já mọ́ nǹkan kan. Ẹnì kan ládùúgbò tún ní òun mọ ẹni tó lè bá wa gba ìwé réjísìrì láìjẹ́ pé a yọjú síbẹ̀, ká ṣáà fi fọ́tò àti orúkọ wa ránṣẹ́.

Ó tún ku ọ̀kan. Ó ti fẹ́ ìyàwó rí lọ́hùn-ún, wọ́n sì ti kọ ara wọn. Ó ní ìwé kọ́ọ̀tù wà lọ́wọ́ òun.

Ẹ dákun, kí ni òfin ń béèrè gan-an? Ṣé ó dìgbà tó bá gúnlẹ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀ ètò?

Ìyá_Ìbejì_Mọ́kọ́lá:
Àbúrò mi, o kú oríire. Ọlọ́run á jẹ́ ká jẹun ọjọ́ náà. Má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà ọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ni èmi àti bàbá àwọn ìbejì ti ṣe tiwa, ìwé tí wọ́n fún wa níbẹ̀ náà la sì fi gba físà lọ kí ọmọ wa ní Kánádà. Kò sẹ́ni tó bi wá pé ìwé réjísìrì dà. Pásítọ̀ rẹ ò parọ́.

Akọ̀wé_Fẹ̀yìntì:
Mo kí gbogbo ilé. Ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka tó ń forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀, kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí n là á díẹ̀.

Òótọ́ ni ohun tí Ìyá Ìbejì sọ ní tiwọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló rí bẹ́ẹ̀. Ibi méjì ni Òfin Ìgbéyàwó ilẹ̀ wa gbà kí ènìyàn ti ṣe ìgbéyàwó: ọ́fíìsì réjísírà, àti ilé ìjọsìn tí ìjọba fún ní láísẹ́ǹsì. Ṣọ́ọ̀ṣì tó bá ní láísẹ́ǹsì, ìwé tó máa fún yín lẹ́yìn ìsìn ni Fọ́ọ̀mù E, kò sì yàtọ̀ sí èyí tí réjísírà fúnra rẹ̀ ń fúnni. Èyí tí kò bá ní láísẹ́ǹsì, ìwé rẹ̀ lè dára lójú, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ wúrà sí i, ìwé ìrántí náà ló jẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ wá ni pé ṣọ́ọ̀ṣì tó ní láísẹ́ǹsì pàápàá ò gbọdọ̀ so yín pọ̀ bí ẹ ò bá tíì mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ réjísírà. Ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì ló máa kọ́kọ́ lọ sí réjísìrì agbègbè tí ìgbéyàwó ti máa wáyé, yóò fọwọ́ sí Fọ́ọ̀mù A, èyí tó jẹ́ ìwé ìfilọ̀. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ sí gbangba níta ọ́fíìsì kí ẹni tó bá fẹ́ rí i lè rí i. Ọjọ́ 21 ló máa lò níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìdí tí ẹ ò fi gbọdọ̀ fẹ́ra yín lè wá takò ó láàárín ìgbà náà, adájọ́ ló sì máa gbọ́ ẹjọ́ yẹn, kì í ṣe réjísírà. Bí ọjọ́ bá pé tí kò sí àtakò, ọ̀kan nínú yín á búra, réjísírà á wá fún yín ní Fọ́ọ̀mù C. Fọ́ọ̀mù C yìí lẹ máa gbé fún pásítọ̀, tàbí kí ẹ lò ó níbẹ̀ ní réjísìrì. Ẹ ṣọ́ra o: láti ọjọ́ tí ẹ ti fi ìwé ìfilọ̀ sílẹ̀, oṣù mẹ́ta lẹ ní láti ṣe ìgbéyàwó. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ìfilọ̀ ti di òfo, ẹ ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí wọ́n máa ní kí ẹ búra lé lórí kò pọ̀. Pé ọ̀kan nínú yín ti gbé ní agbègbè réjísìrì yẹn fún ọjọ́ 15 ó kéré tán. Pé kálukú yín ti pé ọmọ ọdún 21, tàbí pé òbí ti fọwọ́ síwèé pé àwọn gbà. Pé ẹ kì í ṣe ẹbí tí kò gbọdọ̀ fẹ́ra, pé kò sì sí ìdènà mìíràn. Àti pé kò sí èyí tó fẹ́ ẹlòmíràn nílànà ìbílẹ̀ nínú yín.

Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́, ìwọ tó o wà ní Ìbàdàn ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Òfin ò sọ pé ó dìgbà tí ọkọ bá gúnlẹ̀.

Ṣadé_Ìyànà_Ìpájà:
Ẹ ṣeun bàbá, àmọ́ inú ìwé nìyẹn wà o. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi lọ, wọ́n ní àwa méjèèjì la gbọ́dọ̀ jọ yọjú kí wọ́n tó gba fọ́ọ̀mù, mo sì mọ ẹni tí wọ́n dá padà torí pé òun nìkan ló dá wá. Kì í ṣe ọjọ́ ìsopọ̀ nìkan ni mò ń wí o, ọjọ́ ìfilọ̀ gan-an ni.

Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa: fọ́tò páásípọ́ọ̀tù, ìwé ọjọ́ ìbí (ẹni tí kò ní lọ búra ọjọ́ orí ní kọ́ọ̀tù), páásípọ́ọ̀tù tàbí káàdì NIN, ìwé ìbílẹ̀ ẹni láti ìjọba ìbílẹ̀ tí a ti wá, àti ìwé ìbúra kọ́ọ̀tù pé a ò tíì ṣègbéyàwó rí. Àwọn réjísìrì ìjọba àpapọ̀ ti ń gba ìforúkọsílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wo ibẹ̀ kí ẹ tó wọkọ̀.

Akọ̀wé_Fẹ̀yìntì:
Òótọ́ ni, ọmọ mi. Ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń ṣe tirẹ̀, ẹni tó bá sì jókòó sídìí tábìlì lè ní kí ẹ mú ohun tí òfin ò dárúkọ wá. Kí Àbẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀ báyìí, kó bi wọ́n bóyá wọ́n máa gba ìfilọ̀ lọ́wọ́ òun nìkan, kó sì gba ìdáhùn wọn lẹ́nu ọ̀gá, kì í ṣe lẹ́nu ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n bá kọ̀, àwọn réjísìrì mìíràn ṣì wà nílùú.

Bí àsìkò bá há jù, láísẹ́ǹsì àkànṣe wà, Fọ́ọ̀mù D. Mínísítà ló ń fúnni, ẹni tó bá ti gbà á kò ní dúró de ọjọ́ 21 yẹn mọ́. Owó rẹ̀ ga ju ti ìfilọ̀ lọ, wọ́n á sì fẹ́ mọ ìdí tí ẹ fi ń kánjú.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Peckham:
Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ná. Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó. Ẹ ní kó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, kí ẹ sì ka àkọlé rẹ̀ dáadáa. Ìwé méjì ni kọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fúnni. Ẹjọ́ tí wọ́n gbé dé kọ́ọ̀tù kó tó di 6 Oṣù Kẹrin 2022, “decree nisi” ni wọ́n ń pe àkọ́kọ́, “decree absolute” ni ìkejì. Èyí tí wọ́n gbé dé láti ọjọ́ yẹn, “conditional order” ni àkọ́kọ́, “final order” ni ìkejì. Ìkejì ló tú ìgbéyàwó ká. Ẹni tó bá ní àkọ́kọ́ nìkan lọ́wọ́, ọkọ ìyàwó rẹ̀ àtijọ́ ló ṣì jẹ́.

Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí mo mọ̀ dáadáa. Ìwé àkọ́kọ́ ló gbé wálé, ó ṣe ìnáwó ńlá, nígbà tí wọ́n wá fẹ́ gba físà fún ìyàwó ni wọ́n sọ fún un pé ìgbéyàwó kejì ò sí.

Bàbá_Tóyọ̀sí:
Ẹ má fi ìyẹn dá a láàmú jù. Lọ́yà tó ṣe ti àbúrò mi ní àkọ́kọ́ yẹn máa ń yí padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Kò sóhun tí ènìyàn ń ṣe sí i.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Peckham:
Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Bóyá Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe ti àbúrò yín. Níbí, kì í yí padà fúnra rẹ̀. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ padà sí kọ́ọ̀tù lọ béèrè fún un, ó kéré tán ọjọ́ 43 lẹ́yìn àkọ́kọ́. Bí ẹ bá sì fi í sílẹ̀ ju oṣù 12 lọ, ẹ ó ṣàlàyé fún kọ́ọ̀tù ohun tó fà á.

Lọ́yà_Òkè_Àdó:
Ẹ̀yin méjèèjì lẹ tọ̀nà, ilẹ̀ kálukú ló yàtọ̀. Lábẹ́ òfin tiwa lórí ẹjọ́ ìgbéyàwó, ìdájọ́ àkọ́kọ́ máa ń di àṣepé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta bí kò bá sí ẹni tó dá a dúró. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí bí Ọmọ Ìjẹ̀bú ṣe sọ ọ́.

Kí n fi kún un, nítorí mo máa ń bá a pàdé níbi iṣẹ́: ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó réjísìrì, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tó ní láísẹ́ǹsì, kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ ò lè tú u ká fún un. Ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló lágbára bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ní kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀, tí wọ́n wá ń rò pé ọrùn àwọn ti mọ́, tí wọ́n sì tún wá síwájú réjísírà. Bí ìgbéyàwó àkọ́kọ́ bá ṣì wà, èkejì ò sí rárá. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní Gúúsù sì ní ẹ̀wọ̀n ọdún méje fún ẹni tó bá gbé ìgbéyàwó lé ìgbéyàwó báyìí.

Àbẹ̀kẹ́, títí ìwé ìkejì yẹn á fi jáde, mo rọ̀ ẹ́ pé kí àwọn ẹbí má tíì gba ìdána. Ẹ lè mú ọjọ́, ẹ lè rán aṣọ, ṣùgbọ́n kí owó orí má tíì kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bọ́sẹ̀_Gbági:
Èmi á sọ tèmi o. Èyí tí wọ́n ní ẹnì kan lè bá yín gbà láìyọjú yẹn, ó ń ṣiṣẹ́. Mo mọ tọkọtaya tó gbà á lọ́nà ẹ̀bùrú, wọ́n sì ń gbé ayé wọn. Òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀, nọ́ńbà wà lórí rẹ̀. Nígbà tí ọkọ ò ní àyè, kí ni ẹ fẹ́ kó ṣe?

Lọ́yà_Òkè_Àdó:
Arábìnrin mi, jọ̀wọ́ má gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ mọ́. Òfin Ìgbéyàwó sọ ọ́ kedere pé bí ọkọ àti ìyàwó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ìgbéyàwó láìsí ìwé réjísírà tàbí láísẹ́ǹsì àkànṣe ti mínísítà, tàbí níbi tí kì í ṣe ọ́fíìsì réjísírà tàbí ilé ìjọsìn tó ní láísẹ́ǹsì, tàbí lórúkọ èké, òfo ni. Ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ wáyé ní ti gidi: ìlẹ̀kùn ṣíṣí sílẹ̀, ẹlẹ́rìí méjì ó kéré tán, ọkọ àti ìyàwó níwájú réjísírà, láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ti ilé ìjọsìn bẹ̀rẹ̀ láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ìwé tí a kọ déètì sí lọ́jọ́ tí páásípọ́ọ̀tù ọkọ fi hàn pé Manchester ló wà, irọ́ tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ ni. Àwọn tó ń yẹ ìwé wò máa ń kọ̀wé padà sí réjísìrì láti bi wọ́n bóyá nọ́ńbà yẹn wà nínú ìwé ńlá wọn, ẹni tó bá sì fi ìwé irọ́ béèrè físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọdún 10.

Tọkọtaya tí o mọ̀ yẹn, bí wọ́n bá ń kà á, kí wọ́n lọ ṣe é bó ṣe yẹ. Kò tíì pẹ́ jù.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Aláàfin:
Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo fẹ́ fi sọ̀rọ̀ mi. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ló so òun àti ọkọ rẹ̀ pọ̀, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gba ìwé. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ṣaláìsí, ìgbà yẹn ló tó hàn pé ilé ìjọsìn náà ò ní láísẹ́ǹsì. Báńkì ò gba ìwé náà. Àwọn ẹbí ọkọ wá ń sọ pé kì í ṣe ìyàwó. Bí obìnrin ò bá ní ìwé réjísìrì, kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni, ìyẹn ni mo kọ́ níbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Mọ́kọ́lá:
Ó dùn mí gan-an. Ọlọ́run á bá wa tu ẹ̀gbọ́n yín nínú. Mo lọ yọ ìwé tiwa jáde lánàá, Fọ́ọ̀mù E ni wọ́n kọ sí i lókè. Ìyẹn ló jẹ́ ká rí físà gbà.

Lọ́yà_Òkè_Àdó:
Ọmọ Ọ̀yọ́, mo bá yín kẹ́dùn, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí obìnrin kankan ka ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn kó sì gbà á gbọ́. Bí wọ́n bá ti gba ìdána lórí ẹ̀gbọ́n yín, tí ẹbí fà á lé ọkọ lọ́wọ́, ìyàwó ni lábẹ́ òfin ilẹ̀ wa. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ àti yìgì jẹ́ ìgbéyàwó tó pé. Ẹbí ọkọ ò lè sọ pé kì í ṣe ìyàwó.

Ibi tí ìyàtọ̀ wà nìyí. Lábẹ́ àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ló ń jogún, yálà nídìí-igi (kí wọ́n pín in fún àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan) tàbí lórí-ò-jorí (kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀). Ìyàwó tó ní ìgbéyàwó ti òfin, ìyẹn ti réjísìrì tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tó ní láísẹ́ǹsì, tí ọkọ ò sì kọ ìwé ìhágún sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ní ìpín nínú ohun tí ọkọ fi sílẹ̀. Ìyàtọ̀ kejì: ọkọ tó bá ti fọwọ́ sí ti òfin kò lè fẹ́ ìyàwó mìíràn lé e, ì báà ṣe nílànà ìbílẹ̀. Bó bá ṣe é, ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ni Òfin Ìgbéyàwó kọ sílẹ̀ fún un. A kì í sábà rí ẹni tí wọ́n gbé lọ sí kọ́ọ̀tù lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó kejì yẹn ló máa jìyà rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ bá kú.

Kí ẹ̀gbọ́n yín wá lọ́yà nílùú. Kí ó kó fọ́tò ìdána dání, ìwé àdéhùn tí alága kà, àti ẹni méjì nínú ẹbí tó lè búra.

Ọmọ_Àáfà_Ìwó:
Àsàlámù àlékùm. Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa yìgì, nítorí kò tíì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ọkùnrin mùsùlùmí lè fẹ́ obìnrin kìrìsìtẹ́ẹ́nì, ẹ̀sìn gbà á. Ohun tó gbọ́dọ̀ wà ni walíì obìnrin, bàbá rẹ tàbí ẹni tó dúró fún un, kí ẹ̀yin méjèèjì fi ẹnu ara yín gbà, ẹlẹ́rìí méjì, àti sọ̀dáàkì, ìyẹn ẹ̀bùn ìgbéyàwó tí ọkọ ń fún ìyàwó, èyí tó jẹ́ ti ìyàwó fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti bàbá tàbí ẹbí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye sọ̀dáàkì sínú ìwé tí mọ́ṣáláṣí máa fún yín. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Ẹ má wulẹ̀ gbé yìgì lọ sí réjísìrì pé kí wọ́n yí i padà. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Lọ́yà_Òkè_Àdó:
Ẹ ṣeun, Àáfà. Lórí bí wọ́n á ṣe tẹ̀lé ara wọn, èmi máa ń ní kí ìdána àti yìgì ṣáájú, kí ti réjísìrì wá kẹ́yìn. Òfin ní ẹni tó bá ti ṣe ti òfin kò lè ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ mọ́ nígbà tí ti òfin bá ṣì wà, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ibi tí yóò ti jiyàn pé ìdána yín kò ní ìtumọ̀. Láti ìbílẹ̀ sí ti òfin pẹ̀lú ẹnì kan náà, kò sí ìdènà kankan níbẹ̀.

Ṣadé_Ìyànà_Ìpájà:
Lọ́yà, ẹ má bínú, ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe réjísìrì ṣáájú nítorí físà, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo gbà pé tiyín ló bá òfin mu jù, àmọ́ kí Àbẹ̀kẹ́ má torí ìyẹn pàdánù ọjọ́ rẹ̀ ní réjísìrì.

Bàbá_Tóyọ̀sí:
Réjísìrì wo ló dára jù ná? Wọ́n ní ti ìjọba ìbílẹ̀ kò dára, pé ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìkòyí ni òyìnbó mọ̀.

Akọ̀wé_Fẹ̀yìntì:
Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà 1999 fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti òfin sábẹ́ ìjọba àpapọ̀, àfi ti ìbílẹ̀ àti ti mùsùlùmí. Òfin yẹn kan náà fi ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó sínú iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí méjèèjì tó ń fúnni ní ìwé. Kí ìwé tí wọ́n bá fún yín jẹ́ Fọ́ọ̀mù E bí òfin ṣe là á kalẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan tẹ ìwé tiwọn, tí wọ́n yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà, irú rẹ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Peckham:
Ní tibí, mo mọ ẹni tó fi ti ìjọba ìbílẹ̀ gba físà, mo mọ ẹni tó fi ti Ìkòyí gbà á. Wọn ò kọ èyíkéyìí nítorí ibi tó ti wá. Ohun tí wọ́n máa wò ni orúkọ. Bí páásípọ́ọ̀tù bá kọ “Oluwaseun”, kí ìwé ìgbéyàwó má kọ “Seun”. Bí ìwé ìkọ̀sílẹ̀ bá ní orúkọ àárín, kí ìwé tuntun náà ní in. Kí wọ́n kọ ipò rẹ̀ bí ẹni tó ti kọ ìyàwó sílẹ̀, kó má jẹ́ kí wọ́n kọ àpọ́n.

Fún físà ìyàwó, yàtọ̀ sí ìwé wọ̀nyí, ọkọ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ń gba ó kéré tán £29,000 lọ́dún, ìyẹn ni iye tí wọ́n gbé e sí lóṣù Kẹrin 2024. Ìwọ náà á ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù 33 ni físà àkọ́kọ́ náà.

Àbẹ̀kẹ́_Bódìjà:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ ṣìnà. Ó fi ìwé náà ránṣẹ́. “Conditional order” ni wọ́n kọ sí i, oṣù Karùn-ún ọdún yìí ni wọ́n fún un. Òun náà ò mọ̀ pé ó ku ọ̀kan. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, mi ò parọ́ fún yín.

Mo bá pásítọ̀ wa sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí n rí láísẹ́ǹsì. Wọ́n mú un jáde. Orúkọ ilé ìjọsìn tó jẹ́ orí ìjọ wọn ní Èkó ló wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní ó kan gbogbo ẹ̀ka. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Lọ́yà_Òkè_Àdó:
Rárá. Ilé ìjọsìn tí wọ́n dárúkọ sórí rẹ̀ ni láísẹ́ǹsì wà fún. Láísẹ́ǹsì Èkó kò bo Ìbàdàn. Bí ẹ̀ka tiyín ò bá ní tirẹ̀, ẹ lọ ṣe é ní réjísìrì, lẹ́yìn náà kí pásítọ̀ gbàdúrà lé yín lórí níwájú ìjọ. Ìbùkún nìyẹn, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Màmá rẹ á rí ohun tí wọ́n fẹ́ rí.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Peckham:
Oṣù Karùn-ún? Ọjọ́ 43 ti kọjá tipẹ́, oṣù 12 ò sì tíì pé. Kó béèrè fún èyí tó kù lónìí. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é, kì í sì í pẹ́ jáde bí kò bá sí awuyewuye. Àmọ́ kó kọ́kọ́ bi lọ́yà rẹ̀ níbí bóyá ilé tàbí owó wà tí òun àti ìyàwó àtijọ́ ò tíì pín, torí àwọn lọ́yà míì máa ń ní kí ènìyàn parí ìyẹn kí ìwé ìkejì tó jáde.

Ìyá_Ìbejì_Mọ́kọ́lá:
Àbẹ̀kẹ́ mi, ó dára tí o béèrè. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣì wà: bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ní kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò jínótáìpù àti àyẹ̀wò oyún, ti ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, kì í ṣe ti òfin. Ti jínótáìpù, ẹ ṣe é fúnra yín, ẹ má dúró dè wọ́n.

Àbẹ̀kẹ́_Bódìjà:
A ti ṣe jínótáìpù, mà. AA lèmi, AS lòun. Ẹ ṣeun.

Ó ti béèrè fún ìwé ìkejì náà lálẹ́ àná, lọ́yà rẹ̀ ní kò sí ohun ìní kankan láàárín wọn. Bí ó bá jáde, mo fẹ́ gba réjísìrì lọ lọ́jọ́ Ajé tó bá tẹ̀ lé e. Ìbéèrè mi tó kù: ṣé dandan ni kí n yí orúkọ mi padà sí ti ọkọ? Kí ni mo sì gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ ìgbéyàwó?

Ṣadé_Ìyànà_Ìpájà:
Kò sí òfin tó ní kí o yí i. Èmi ò yí tèmi. Bí o bá fẹ́ yí i, ìwé ìgbéyàwó, ìbúra kọ́ọ̀tù àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn ni wọ́n ń lò, NIN ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe, nítorí báńkì àti páásípọ́ọ̀tù á máa wo ohun tó wà níbẹ̀. Má yí i sáàárín ìgbà tí ẹ bá ń béèrè físà.

Akọ̀wé_Fẹ̀yìntì:
Lọ́jọ́ náà, ẹlẹ́rìí méjì tó mọ̀ yín, kí wọ́n mú ìwé ìdánimọ̀ wọn dání. Ka gbogbo orúkọ àti déètì kí o tó fọwọ́ sí i, nítorí àtúnṣe lẹ́yìn ìbuwọ́lùwé máa ń gba àkókò. Ẹ̀dà kan jẹ́ tiyín, èkejì á wà lọ́dọ̀ wọn. Gba rìsíìtì fún gbogbo owó tí o bá san, kí o sì kọ nọ́ńbà ìwé náà síbi tí kì í ṣe inú fóònù nìkan. Bó bá sọnù, nọ́ńbà àti déètì yẹn ni wọ́n máa fi wá a nínú ìwé ńlá láti fún yín ní ẹ̀dà tí wọ́n jẹ́rìí sí. Bí ilẹ̀ mìíràn bá ní kí ìjọba fi òǹtẹ̀ sí i, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Àbújá ló ń ṣe ìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀kan sí i lórí ìfilọ̀: bí o bá fi Fọ́ọ̀mù A sílẹ̀ lóṣù Kẹwàá, oṣù mẹ́ta rẹ á gbà ọ́ dé oṣù Kìíní. Má fi sílẹ̀ ṣáájú kí ìwé Manchester tó wà lọ́wọ́, nítorí ìbúra wà níwájú, wọ́n á sì ní kí o mú un wá.